Ọ̀sán Tí Mo Hanrun ní Ilé Èrò Àwọn Ará Kòríà

Òórùn tó ń jáde lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà jọ ti ẹmu àná: ó kan díẹ̀, ó dùn díẹ̀, ó sì ń fa èèyàn wọlé láìpè é. Ẹ̀gbẹ́ Dagenham Heathway ló wà, nílùú òyìnbó níbí, lẹ́yìn ibùdó reluwé, ìyá ará Kòríà kan ló ni ín. Ìrẹsì ni wọ́n fi ń pọn ọtí ibẹ̀, wọ́n á dà á láti inú kẹ́tùlù tó ti tẹ̀ wọnú sínú abọ́, funfun bí omi ògì. Ọbẹ̀ nìkan ni mo bá wá o. Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà mọ̀ mí. Jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà yẹn, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan, ilé àbúrò mi ní Goresbrook ni mo sì ń gbé. Orí àga pálọ̀ ni bẹ́ẹ̀dì mi. Àbúrò tí mo gbé pọ̀n ni o, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Àmọ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, pálọ̀ ti di ti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ. Àbúrò mi á fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́." Mo fẹsẹ̀ rìn. Mo rìn débi pé àwọn sẹ̀kúríìtì ilé ìtajà Vicarage Field bẹ̀rẹ̀ sí kí mi bí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Bí mo bá sì tòògbé lórí bẹ́ńṣì, àwọn náà ló ń jí mi.

Òjò ló lé mi wọ ọ̀dọ̀ ìyá yẹn. Ó gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná tí wọ́n da ìrẹsì sí wá. Bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo ní, "Rárá, ẹ ṣeun, mo ti yó," mo wá ń retí kó rọ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá gbé abọ́ rẹ̀, ó lọ. Ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọlúàbí. Ìgbà tí mo pè é padà, tí mo jẹun tán, tí oorun ń kùn mí, ló fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò ju tèmi lọ ṣàlàyé fún mi. Ó ní láyé àwọn baba ńlá òun, ilé èrò wà lójú ọ̀nà káàkiri Kòríà. Arìnrìn-àjò tó bá ra ọbẹ̀ tàbí ọtí, ó ti ní ibi tó máa sùn, wọn kì í gba owó ibùsùn. Oníṣòwò tó ru ẹrù, akọ̀wé tó ń lọ ṣe ìdánwò láàfin ọba, yàrá kan náà ni gbogbo wọn ń sùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ibi tó sún mọ́ iná. Onílé èrò kì í béèrè ọmọ ta ni ọ́. "Ẹni tó bá jẹun, kó sùn," ló wí, ó sì nawọ́ sí yàrá ẹ̀yìn.

Mo bọ́ bàtà, mo dùbúlẹ̀, mo gbórí lé ìrọ̀rí tí wọ́n fi igi gbẹ́. Kò pẹ́ tí ooru bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀yìn mi wọlé láti ìsàlẹ̀. Mo fò dìde, mo gbá bàtà mú, mo ń wá ọ̀nà sá, mo rò pé ilé ti ń jóná lábẹ́ mi. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Bí ilẹ̀ wọn ṣe rí nìyẹn: láyé àtijọ́, ooru iná ìdáná ni wọ́n ń darí gba abẹ́ rẹ̀, páìpù omi gbígbóná ló wà níbẹ̀ báyìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di èrò.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, mo kọjú sí ògiri, oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé mi lọ, ni mo gbọ́ ohùn àbúrò mi. Òun àtàwọn ará ìjọ rẹ̀ méjì ni, wọ́n wá jẹun nínú yàrá tí mo sùn sí. Ọ̀kan ní, "Ibí yìí dà bí ilé àdúrà tiwa, wọn kì í wọ bàtà wọ̀ ọ́." Bàtà tèmi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò mi ló fún mi, kò lè ṣì í mọ̀.

Èkejì bi í pé, "Brọ́dà, ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ṣé yàrá tí ẹ gbà fún wọn ní Barking tù wọ́n lára?"

"A dúpẹ́. Wọ́n ń gbádùn."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé mo ní yàrá.

Ẹni àkọ́kọ́ tún wí pé, "Ẹ wo bàbá tó sùn síbẹ̀ yẹn. Etí wọn jọ tiyín o."

Mo fẹ́ yíjú padà, kí n kàn sọ pé, ẹ kú ọ̀sán. Bó bá ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ìtìjú á bò ó. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ni mo wá jẹ́ sí i? Mo ń dúró de ẹnu rẹ̀.

"Ará Gánà ni," àbúrò mi wí. "Mo máa ń rí i ní Heathway."

"Áà, àwọn ará Gánà náà létí báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí wọ́n sẹ́ ni mo tún ń bẹ̀rù pé àṣírí ẹni tó sẹ́ mi á tú. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí hanrun, kí irọ́ náà lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo hanrun bí ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá onílé èrò kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí ẹsẹ̀ mi tó ń gbọ̀n. Ó gbé aṣọ wá, ó bò mí látorí dé ẹsẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n gbàdúrà, wọ́n lọ.

Mo ti ní yàrá báyìí, ní Barking gan-an, bí ẹni pé irọ́ àbúrò mi ló bí i. Nílé wa, ọmọ ta ni ọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́, mo sì ti máa ń rò pé iyì ni. Ọ̀sán yẹn ni mo mọ ìdí tí onílé èrò kì í fi í béèrè: níbi tí wọn ò bá ti béèrè ẹni, kò sí ẹni tó máa sẹ́ni. Àbúrò mi ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n lójú àwọn èèyàn nísinsìnyí, ó tilẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀. Mò ń dá a lóhùn, mò ń súre fún un. Kò mọ̀ pé mo gbọ́. Lójú tirẹ̀, mo ti jí tipẹ́. Àmọ́ bó bá ti la ẹnu pé "ẹ̀gbọ́n mi," ṣe ni mo tún ń hanrun nínú ọkàn mi.