Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò Tó Ní Ìyá Mẹ́rin

Ìjà tó ṣáájú, èèyàn mẹ́fà péré ló wá wò ó. Ọ̀kan nínú wọn, iná fóònù ló wá gbà. Bí fóònù rẹ̀ ṣe kún, ó yọ wáyà, ó bá tiẹ̀ lọ, ráńdì kejì ò sì tíì parí. Kóòṣì wa dúró, wọ́n kọjú sí àwọn àga oníke tó ṣófo bí ẹni tó fẹ́ bá wọn wí. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwọ yìí, ẹnu ẹ pọ̀. Ìwọ lo máa pe èrò síjà tó ń bọ̀."

Òótọ́ ni, ẹnu mi pọ̀. Jẹ́ẹ́ésì tíríì ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, ariwo ni mo sì fi ń dí ohun tí mi ò mọ̀. Gíláàsì fóònù ni mò ń pààrọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà. Níbẹ̀, ẹni tí ò bá lè pariwo, oníbàárà á gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń lọ síbi tí kóòṣì ti ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní bọ́síńgì l'Ágége. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n kàn mí lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nímú, láti ọjọ́ náà ni mo ti di alátìlẹ́yìn.

Ọ̀rẹ́ mi ló fẹ́ jà. Búrẹ́dì ló ń gbé láràárọ̀ láti ilé búrẹ́dì l'Ágége lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́gbà, pátákó ńlá lórí, ọrùn rẹ̀ sì ti le bí òpó iná. Ìjà yìí kì í ṣe ìjà lásán fún un. Bàbá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún gbọọrọ ní ilé-iṣẹ́ kan n'Ílúpéjú kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Alhájì tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni wọ́n, wọn ò sì fẹ́ràn kí ọmọ wọn máa ja ìjà kiri. Wọ́n ti bá ọkùnrin kan tó ń ṣe fèrèsé sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn máa wá wo ìjà kan ṣoṣo. Bí àwọn bá rí i pé àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ àwọn nídìí ohun tó ń ṣe, kó máa ṣe é lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tó bá di Mọ́ńdè, kó lọ máa kọ́ṣẹ́ fèrèsé.

Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé, "Mi ò ní kí gbogbo Èkó wá o. Kí àwọn kan ṣáà pariwo fún mi, kí bàbá mi fi etí ara wọn gbọ́ ọ."

Mo ní, "Fi lé mi lọ́wọ́."

Bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan lé mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Mo háyà kẹ̀kẹ́ kan tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí. Ọ̀dọ̀ àwọn Hausa tó ń ta àlùbọ́sà l'Ágége ni mo kọ́kọ́ lọ. Bàbá àgbà kan ló ṣáájú wọn níbẹ̀, Bàbá Alálùbọ́sà ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo pariwo títí, wọn ò gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ jà?"

"Ọ̀kan l'Ágége níbí, ọ̀kan láti Àgbádárìgì."

"Àgbádárìgì? Ta la ní l'Ágbádárìgì?" Wọ́n padà sídìí àlùbọ́sà wọn.

Mi ò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ohun tí mo sọ tẹ̀lé e. Ẹnu mi ló là fúnra rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Kánò ni wọ́n ti bí ìyá ọmọ Àgbádárìgì yẹn, Bàbá."

Bàbá dìde. "Kánò? Kánò wa?" Wọ́n pe ẹni tó wà lápá ọ̀tún, wọ́n pe ẹni tó wà lápá òsì. Kí n tó yí kẹ̀kẹ́ padà, èèyàn ogún ti ní àwọn ń bọ̀.

Ó wá dùn mọ́ mi. Mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Computer Village, Igbo ni wọ́n, àwọn ni wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ gíláàsì. Mo sọ fún wọn pé ará Ẹnúgù ni ìyá abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó ń bọ̀ láti Àgbádárìgì. Wọ́n lu tábìlì. "Na our pikin be dat! A máa ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà!" Mo dé ọ̀dọ̀ màmá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń ta ọ̀dà ilé l'Ọ́gbà, ìyá ọmọkùnrin náà di ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn onílẹ̀ àdúgbò wa. Ìyá rẹ̀ di ọmọ ilé wọn tó lọ́kọ sọ́nà jíjìn, tí wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá kan nínú wọn tilẹ̀ rántí ọjọ́ ìgbéyàwó náà. Wọ́n ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Fọ́tò tó wà lórí ìwé ìpolówó bá mi gbè é. Ọmọ Àgbádárìgì náà fi ìbọ̀wọ́ méjèèjì bo imú àti ẹnu, ẹyinjú rẹ̀ àti ìwọ̀n díẹ̀ níwájú orí nìkan lèèyàn ń rí. Kò sí ìyá tí ò lè bí irú iwájú orí yẹn.

Tó bá ṣe pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, ẹ̀rín lásán ni ǹ bá máa fi rántí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá dé ni wọ́n ti ń bi mí pé, "Ta ló wá fẹ́ bá ọmọ wa jà?" Mo wò ó pé, ẹni tí wọ́n ń rí láràárọ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lórí, ta ló máa torí ẹ̀ kúrò nílé? Mo wá ní, "Ọmọkùnrin agbéraga kan báyìí ni. Ó ní irú yín ò lè rí ráńdì kejì." Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo ti sọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹ̀ o, ẹni tó jẹ́ pé tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ nínú ọjà, òun gan-an ló máa ń bẹ̀bẹ̀.

Lálẹ́ Fúráìdé ó fi fóònù pè mí. "Kí lo ń sọ nípa mi fún wọn?"

Mo ní, "Mò ń pọ́n ẹ lé ni."

Ó ní, "O ṣé, ọ̀rẹ́ mi."

Ní ọ̀sán Sátidé, ọgbà ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan tó ti kógbá wọlé la to àga sí. Èrò wá, ó bò wá mọ́lẹ̀. Àwọn alálùbọ́sà gba apá kan, àwọn Computer Village gba apá kan pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Màmá ọlọ́dà kó gbogbo àdúgbò rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn onílẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́ ni tàwọn, wọ́n ní bí ilé-iṣẹ́ bá tilẹ̀ kógbá wọlé, ilẹ̀ ò kógbá. Kóòṣì ń dì mọ́ mi ṣáá. Alhájì, bàbá ọ̀rẹ́ mi, jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú fìlà funfun, wọn ò wo ọ̀tún, wọn ò wo òsì.

Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ Àgbádárìgì á lanu sọ̀rọ̀. Mo bẹ kóòṣì kí wọ́n ti ki rọ́bà ìdáàbòbò eyín bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti ẹnu geeti. Báyìí ni ọmọ ọlọ́mọ ṣe fi rọ́bà sẹ́nu fún wákàtí kan gbáko. Bàbá Alálùbọ́sà kí i ní Hausa, ó mi orí. Ọ̀gá mi kí i ní Igbo, ó mi orí. Màmá ọlọ́dà kí i ní Ìjẹ̀bú, ó mi orí. Màmá ní, "Ẹ ò rí i? Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé."

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ Àgbádárìgì bá ti gbé ẹ̀ṣẹ́ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ afẹ́fẹ́ ló kàn, gbogbo ọgbà á hó yèè. Tí ọ̀rẹ́ mi bá kàn án gidi, gbogbo rẹ̀ á pa lọ́lọ́, jẹnẹrétọ̀ nìkan la máa gbọ́. Ẹnìkan pariwo, "Ìwọ agbéraga, ráńdì kejì rèé!" Ọ̀rẹ́ mi wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń bá wí. Mo wo Alhájì. Fìlà wọn ò mì.

Ní ráńdì kẹta, ọ̀rẹ́ mi kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọkùnrin náà rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bọ́ bàtà. Rọ́bà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, ó yíjú sí ẹni tó tẹ̀lé e wá, ó sì sọ̀rọ̀ gbọọrọ ní èdè Ègùn.

Gbogbo wọn ń wo ara wọn.

Bàbá Alálùbọ́sà kọjú sí ọ̀gá mi. "Ọ̀gá, ọmọ yín ń sọ̀rọ̀."

"Ọmọ wa kẹ̀? Bàbá, ṣebí tiyín ni."

"Tiwa? Ẹ bi màmá yìí."

Màmá ọlọ́dà ní, "Ẹ má kó o wá sílé mi o! Ẹni tó jókòó sílẹ̀ níjà, Ìjẹ̀bú ò bí irú ẹ̀ rí."

Bàbá onílẹ̀ ní àwọn ti wá rántí dáadáa, òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn.

Ẹnìkan wá bèèrè ohun tí mo ti ń bẹ̀rù: "Onígbohùngbohùn yẹn dà?"

Abẹ́ ríìngì ni mo wà. Mo ti wọ ibẹ̀ látìgbà tí rọ́bà ti bọ́. Lókè orí mi, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi lórí pákó. Rẹfirí kà á dé mẹ́wàá, wọ́n kéde pé ọ̀rẹ́ mi ló borí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ nǹkan kan tó ń dún gbì, gbì, gbì. Mo yọjú. Ọmọ Àgbádárìgì ti dìde, ó ń fi ìbọ̀wọ́ pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ mi. Ìbọ̀wọ́ ò sì lè dún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo jáde. Iwájú Alhájì ni mo dọ̀bálẹ̀ sí, gbogbo wọn ń wò mí, eruku sì ti kún orí mi.

Àwọn èrò ti rojọ́ mi. Alhájì ní, "Ìwọ lo sọ pé ọmọ mi bú àwọn èèyàn yìí?"

"Èmi ni, sà. Kò bú ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé tó o sọ ọ́?"

"Kí wọ́n lè wá, sà."

Wọ́n wo èrò yí ká. "Wọ́n wá lóòótọ́." Wọ́n nawọ́ sí ọmọ Àgbádárìgì. "Ẹnì kan ṣoṣo ni mo rí tó bọ̀wọ̀ fún un, ẹni tó gbá lulẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi irọ́ tìẹ dájọ́ ọmọ mi. Kí wọ́n tún un jà. Kí ìwọ lọ pe èrò, kó o sì sọ òótọ́."

Ọ̀rẹ́ mi dúró sẹ́yìn wọn, ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kò wò mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tún háyà kẹ̀kẹ́. "Ọmọ tó ń gbé búrẹ́dì fún yín láràárọ̀ ló fẹ́ jà. Kò bú ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ Àgbádárìgì ló fẹ́ bá a jà. Ìyá kan ṣoṣo ló ní." Bàbá Alálùbọ́sà sọ àlùbọ́sà lù mí. Mo hán an, mo sì fi dín ẹyin.

Èèyàn mọ́kànlá ló wá. Bàbá Alálùbọ́sà wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni. Alhájì gbé àga tiwọn wá láti ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àga tó ṣófo kún ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi pàdánù ìjà lọ́jọ́ náà. Ọmọ Àgbádárìgì ti lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i, máàkì ló fi jù ú lọ. Ṣùgbọ́n láti ráńdì kejì, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "Ẹ̀gbẹ́! Ẹ̀gbẹ́ ni kó o kàn án! Ẹ̀gbẹ́, ọmọ mi!" Mo rò pé kóòṣì ni. Mo wẹ̀yìn, mo rí Alhájì lórí ìdúró, fìlà lọ́wọ́, wọ́n ń fi lu àga tó wà níwájú wọn. Nígbà tí ìjà parí, ohùn wọn ti há pátápátá, wọn ò lè sọ ohun tí wọ́n pinnu. Wọ́n kàn nawọ́ sí ríìngì, wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n gbé àga wọn, wọ́n lọ.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn ríìngì, ojú kan ti wú. Ó na ọwọ́ sí mi kí n bá òun tú okùn ìbọ̀wọ́.

Ó ní, "O gbọ́ ariwo yẹn?"

Mo ní mo gbọ́ ọ. Mo tú ti ọ̀tún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti òsì.