Okùn Rédíò Ìyá Mi

Mo rántí ìgbà tí iná Accra ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbà dumsor, tí gbogbo Darkuman, àdúgbò wa, máa ń hó yèè bí gílóòbù bá tàn. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì, mo sì ń gbéra ga. Ìyá mi ń ta wáyà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù ní ọjà Okaishie. Kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, èmi ọ̀mọ̀wé sì ti pinnu pé ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù kọjá tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, láptọ́ọ̀pù mi kọ̀, kò gba iná mọ́. Inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ ìwádìí mi wà, n kò sì tọ́jú ẹ̀dà kankan síbòmíràn. Ọjọ́ kejì gan-an ni wọn yóò gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé kí n dúró kí ìyá mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé kí n bi í? Rárá o! Mo wọ ọkọ̀ trotro, ó di Circle, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Mo ra ṣájà tuntun, orí rẹ̀ nìkan, mo ní okùn tó ń lọ sára ògiri kò ṣe nǹkan kan, n ó lo ti tẹ́lẹ̀. Mo délé, mo tì í bọ ògiri, pábó! Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sọ lórí fóònù pé, “Due, pẹ̀lẹ́, inú ẹ̀rọ gan-an ló ti jó.” Mo bú sẹ́kún.

Orí ẹkún yẹn ni ìyá mi bá mi, kò tíì tú gèlè.

“Ẹnìkan kú fún ọ ni?”

Mo ní láptọ́ọ̀pù mi ti jó, mo fi ṣájà tuntun tí mo rà hàn án.

“Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?”

Mo nawọ́ sí fóònù mi.

“Ara ògiri la ti ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi, ká tó rìn bọ̀ síbi ẹrù, ìyẹn ohun tó ń jẹ iná. Ìwọ, ibi ẹrù lo ti bẹ̀rẹ̀.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Okaishie nìyẹn. Bí oníbàárà bá gbé ọjà padà pé ó bàjẹ́, ìyá mi kì í fọwọ́ kàn án kó tó dán iná wò. Ó mú gílóòbù tó fi ń dán ọjà wò wá, ó tì í bọ ògiri, ó tàn yòò. Ó ní ògiri kò jẹ̀bi. Ó wá bi mí pé okùn wo ni mo fi dán ṣájà tuntun wò. Mo ní ti tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀rín pa á títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀.

“Ṣájà méjì, okùn kan! O pààrọ̀ ìkòkò, o ò wo ààrò!”

Ó yọ okùn tó wà lẹ́yìn rédíò rẹ̀, rédíò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ó tì í bọ ṣájà mi àtijọ́, ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Iná kékeré ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù tàn. Mo pariwo, mo dì mọ́ ọn. Òun kò tilẹ̀ wò mí, ó ti ń fi ẹnu ọ̀bẹ yọ fíúsì kúrò nínú púlọ́ọ̀gì okùn tèmi, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, okùn náà jí.

“Iná tó fi agbára dé lánàá ló pa fíúsì yìí,” ó ní. “Òun ló kú kí ẹ̀rọ rẹ má baà kú.”

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo láṣọ lọ́jọ́ yẹn, àkísà ni n kò ní.

Nígbà tí láptọ́ọ̀pù tàn, ojú ewé ìdúpẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ mi lọ rẹpẹtẹ, mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi nísàlẹ̀ pátápátá fún oúnjẹ àti àdúrà. Ojú tì mí. Mo gbé e lọ sókè, mo sì kọ ọ́ pé òun ni olùkọ́ mi àkọ́kọ́, tó kọ́ mi ní ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún un. Ó fi etí gèlè nu ojú.

“Ó dáa,” ó ní. “Dá okùn rédíò mi padà.”

Mo mú iṣẹ́ ìwádìí náà lọ fún wọn lọ́jọ́ kejì. Mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì báyìí, ìyá mi sì ti fẹ̀yìn tì nídìí ọjà. Bí nǹkan bá dojú rú fún mi, ì báà má jẹ́ ọ̀rọ̀ iná, òun ni mo kọ́kọ́ ń pè.