Ẹni Tó Ta Ipò Kẹta Wa

Òórùn ọ̀dà tútù ló ń jí wa láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ajé. Yàrá méjì tí à ń gbé ní Orégùn fara ti ọgbà ilé iṣẹ́ tó ń po ọ̀dà, ibẹ̀ náà sì ni bàbá mi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí pé kò sí fóònù tí èèyàn máa tẹ̀ nígbà náà kó tó mọ ẹni tó wà lókè líìgì. Ògiri ni tiwa. Ẹ̀gbọ́n Làmídì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń po àwọ̀, á fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù kun ògiri ọgbà látòkè délẹ̀, á wá kọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àti pọ́ìntì wọn sí i. Tiwa nìkan ló máa ń fi pupa kọ. Mi ò tíì ní í fọ ẹnu tí màá ti débẹ̀, wọ́n á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Mádàámú Kóòṣì ti dé o, ẹ dìde."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí àwọn kan ti ń yí i padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọ̀dà yìí ló dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, garawa ọ̀dà ni òpó góòlù. Wọ́n na àwọn oníbísíkíìtì Àgídìngbì, wọ́n na àwọn tó ń hun aṣọ n'Íkẹjà, wọ́n ń bọ́ láti líìgì kan sí òmíràn títí wọ́n fi dé àárín àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ẹ̀yìn lápá òsì ni bàbá mi ń gbá. Ọ̀dà kì í tán léèékánná wọn. Tí wọ́n bá pàdánù, wọ́n á kàn ní, "Ká ṣì gbá èyí tó kù."

Lọ́dún tí a ṣe ipò kẹta, gbogbo àdúgbò ló ń yan. Líìgì parí, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàwọn ti bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, wọ́n sọ fún màámi pé, "Wọ́n ti tà wá."

Mò ń retí kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà. Létí tèmi, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, "yọ" ló kù tí kò tíì sọ. Mo ní, "Bàámi, líìgì ti parí. Ta ló tún lè ta wá yọ?" Mo sáré lọ wo ògiri, ipò kẹta náà la ṣì wà. Mo padà wá fọwọ́ sọ̀yà fún wọn.

Wọ́n wò mí. "Kì í ṣe ta wá yọ. Wọ́n tà wá, bí ẹni ta ewúrẹ́."

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ló ta ààyè wa nínú líìgì fún olówó kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ra ààyè kì í bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀. Ibi tí ẹlòmíì làágùn dé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe àwọn agbábọ́ọ̀lù jókòó. Ẹnu géètì ni wọ́n ti gbọ́, lẹ́nu ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Olówó náà ní òun ti ní àwọn ọmọ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún òun. Bàbá mi padà sídìí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀gbọ́n Làmídì kun ògiri ní funfun, kò kọ nǹkan kan sí i.

Ẹgbẹ́ náà ṣì wà, lórúkọ mìíràn, òun ló sì wà lókè àtẹ líìgì báyìí. Mo ka ìtàn rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní olówó yẹn ló dá a sílẹ̀, wọ́n ní líìgì àgbà ló ti bẹ̀rẹ̀ tààrà. Yunifásítì tí mo lọ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, mo sì kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà: ẹgbẹ́ wo lẹ rí tó bẹ̀rẹ̀ látòkè? Àwọn wo ló gbé e dé ipò kẹta kí ẹ tó rà á? Wọ́n fèsì pé àwọn dúpẹ́ fún àtìlẹ́yìn mi, kí n má gbàgbé láti ra jẹ́ẹ̀sì tuntun.

Mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá ẹsẹ̀ tí mo fi gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà padà fún mi ni?"

Ẹsẹ̀ kọ́. Ìlà kan péré ni mò ń béèrè, pé àwọn òṣìṣẹ́ Orégùn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọn ò kọ ọ́, mi ò sì yéé ṣí àtẹ yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ẹgbẹ́ yìí bá pàdánù nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹkún ni màá sun wọlé. Èmi tí mo ti di ìyá ọmọ, ìgbà tí wọ́n bá borí ni inú máa ń bí mi débi tí mi ò ní í lè jókòó. Wọ́n tún borí lánàá.