Àdúrà tí Mo Ṣe fún Àwọn tí Kò Kí Mi

Ariwo ọkọ̀ òfurufú kì í jẹ́ kí tíì inú ife mi dúró jẹ́ẹ́ ní Àjàó Estate. Bí ọ̀kan bá ti ń gbéra, fèrèsé á gbọ̀n, tíì á gbọ̀n, èmi náà á gbọ̀n. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì gbà pé ohunkóhun tó bá ń pariwo, ẹgba ló ń wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò na bàálù?

Kò pẹ́ tí mo fẹ̀yìn tì ni dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, tó sì mi orí. "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ga jù. Ẹ wá ibi tó pa rọ́rọ́ kí ẹ máa fọkàn balẹ̀, kí ó má baà gbé yín ṣánlẹ̀." Ọmọ mi obìnrin ní òun mọ àwọn ilé tí wọ́n ti ń ṣe yógà: wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á na ara, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á sì máa mí. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti ń mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kí ló tún fẹ́ lọ kọ́?

Èyí tí a kọ́kọ́ lọ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìsọlọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni wọ́n ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Olùkọ́ ibẹ̀ rọra wí pé, "Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín dà bí omi inú àmù," jẹnẹrétọ̀ sì dá a lóhùn. Mo bọ́ sójú fèrèsé, mo kígbe mọ́ àwọn tó ń tún un ṣe bí ẹni ń lé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kúrò nídìí igi máńgòrò. Ibi tí mo ti ń wá ìdákẹ́jẹ́ ni mo ti pariwo jù.

Èkejì wà ládùúgbò tiwa gan-an. Ọmọ mi fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ wá ibi tí yóò gbé e sí. Mo wọlé tèmi ti agbádá àti fìlà abetí ajá, mo sì bá gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin, lórí ìkúnlẹ̀, iwájú orí wọn kanlẹ̀, ọwọ́ wọn nà gbọọrọ síhà ọ̀dọ̀ mi. Orí mi wú. Ó yẹ kí àwọn ọkùnrin wọn dọ̀bálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo dárí jì wọ́n.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ dìde. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dògbó."

Ẹnikẹ́ni kò dìde. Ọmọ tó bá kúnlẹ̀ kí àgbà tí kò sì dìde, àdúrà ni kò tíì tó o. Mo bá fi kún un: mo ṣe ti ọmọ, mo ṣe ti ọkọ àti aya, mo kan ti ilé tí wọn yóò kọ́. Ẹnìkan dáhùn láti igun pé, "Àmín o, Bàbá!" ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín.

Olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin tí kò tó àbíkẹ́yìn mi, gbójú sókè. "Ẹ ṣeun fún àdúrà, sà. Ara la ń nà o. Ẹ bọ́ bàtà, kí ẹ wá kúnlẹ̀ bíi tiwa."

"Èmi? Kí n kúnlẹ̀ fún ta?" Mo ká agbádá mi sí èjìká, mo jáde.

Ìta ni òòyì ti kọ́ mi. Mo di ògiri mú títí ọmọ mi fi dé. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò bá mi kẹ́dùn rárá. "Bàbá, ẹni tí kò bá fẹ́ kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀, àìsàn á dá a dọ̀bálẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa fi ṣíbí bọ́ yín ni?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú eegun, pàápàá nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọ ní Yorùbá tó fi sọ ọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ: ibẹ̀ ni mo máa ń dá òwe náà dúró sí, n kì í fẹ́ rántí apá tó ní tàgbà kò wọ kèrègbè.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo padà lọ síbẹ̀. Olùkọ́ náà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ìkúnlẹ̀ yìí ni tiyín. Ti orí ẹní, kì í ṣe ènìyàn là ń kí." Ó tẹ́ ẹní mi síwájú ògiri, kí n má baà kọjú sí ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀, mo fi iwájú orí kanlẹ̀. Bàálù kan kọjá. Àwọn yòókù dìde, wọ́n bọ́ sórí nǹkan mìíràn. Èmi kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé ẹni tó wólẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ dìde, àgbà ní í sọ fún un. Mo ń retí ohùn àgbà náà. Kò sí ẹni tó jù mí lọ nínú ilé yẹn, gbogbo àwọn tó sì lè sọ fún mi pé kí n dìde ti di ará ọ̀run.

Nígbà tó yá, olùkọ́ náà fọwọ́ kan èjìká mi. "Bàbá, ẹ dìde. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

"Àmín," ni mo wí.

Tíì mi ṣì ń gbọ̀n títí dòní bí bàálù bá gbéra. Ẹ̀jẹ̀ mi ni kì í bá a gbọ̀n tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti kúnlẹ̀ níwájú mi tí mo ṣàdúrà fún. N kò mọ̀ rí pé ìsàlẹ̀ tí wọ́n wà pa rọ́rọ́ ju òkè tí mo dúró sí lọ.