Kókó Ìtàn Tó Di Kókó Àdúrà

Èmi ni alága àdúgbò wa ní Mowe. Wọn ò dìbò yàn mí. Lọ́jọ́ ìpàdé tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe é, gbogbo èèyàn ń wo ilẹ̀, èmi nìkan ni mo dáhùn. Látìgbà náà ni mo ti ń yan bí ẹni tí wọ́n fi jọba.

Òfin tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ti géètì. Mo ní a ò gbọdọ̀ ṣí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ kedere, nítorí olè. Ó rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀, mo ti fẹ̀yìn tì, n kì í lọ sí Èkó mọ́. Àmọ́ nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní ọ̀kánkán ilé mi gbọ́dọ̀ ti wà ní màrosẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kó tó lè débi iṣẹ́ lásìkò. Ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ti ní tí mo bá tún lè pẹ́ dé, kí n máa lọ sílé. Ẹ ṣàánú mi lórí géètì yìí."

Mo ní kó dìde, mo wá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ààbò fún un títí tó fi ní òun ti gbọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti wọ̀ ọ́ létí ni. Ìyàwó mi ní rárá, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Òǹkọ̀wé tún ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó mi nìkan ló ń ka ohun tí mo bá kọ, tipátipá ni. Ó wù mí kí àdúgbò wa ní ìwé kékeré kan tí a ó kó ìtàn ara wa sí, lórí aṣáájú rere. Mo ń retí pé ó kéré tán, ẹnìkan á dárúkọ mi. Bí mo ṣe fi kókó ìtàn ránṣẹ́ sórí gúrúùpù àdúgbò wa lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn, tòun ti nọ́ńbà níwájú: "Kìn-ín-ní: aṣáájú rere máa ń fetí sílẹ̀. Ẹ kọ ohun tó bá wá sí yín lọ́kàn."

Mo gbàgbé ibi tí mò ń gbé. Kámpù àdúrà ńlá yẹn ò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ wa ló tilẹ̀ torí rẹ̀ ra ilẹ̀ síbí. Bí ohun tó ní nọ́ńbà bá ti dé orí fóònù láàárọ̀, kókó àdúrà ni. Kí n tó mu tíì mi tán, "Àmín" ti kún gúrúùpù. Mo ní bóyá wọn ò lóye. Mo fi òmíràn ránṣẹ́: "Kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí olórí tí kì í gbọ́ràn?"

"Kí Olúwa rọ̀ ọ́ lóyè!"

"Kíákíá, lórúkọ Jésù!"

Àlùhájì tó ń gbé ní ìparí àdúgbò pàápàá ṣe àmín. Èmi alára ti tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ kí n tó ronú ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì fi ohùn ránṣẹ́. Ó ń sunkún.

"Olúwa mi, mo ti bẹ èèyàn, ó ti sú mi. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ mi, òun ni mo fi ń tọ́ ọmọ. Ẹ bá mi ṣí géètì yìí lọ́la. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é."

Kọ́kọ́rọ́ géètì wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì mi. Ojú tì mí gan-an. Obìnrin yìí ti bá èmi àti Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ó sì ti rí i pé Ọlọ́run ló rọrùn láti bá sọ̀rọ̀.

Mo wọ bàtà, mo sọdá sọ́dọ̀ rẹ̀. Lójú ọ̀nà, mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí aṣáájú rere máa ń sọ nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ jọ, ó gùn díẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, mo ní kó máa fi ṣí géètì nígbàkígbà tó bá ti fẹ́ jáde.

"Jésù, ẹ ṣé o! Ẹ ṣé, Bàbá!" Ó kúnlẹ̀, òkè ló ń wò.

Mo dúró, mò ń retí tèmi. Ó dìde, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn rẹ̀.