Ohun Tí Báàsì Mọ̀ Nípa Epo Ìyá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú mi ṣe ń yára bí, kó bi àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kọ́léèjì Ifangni. Wọn ò ní purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìbínú tí mo ti bí sọ́mọ aráyé, kò tó èyí tí mo bí sí báàsì yunifásítì wa. Báàsì ni wọ́n ń pe àká ìwé kan tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ilé ìkàwé yunifásítì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwa akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní gbogbo ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ láyé yìí ló wà ńbẹ̀. O ó tẹ ọ̀rọ̀ tí ò ń wá sínú àlàfo tóóró kan, ìwé á sì máa já bọ́. Obìnrin ilé ìkàwé tó kọ́ wa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀run dé, àwa náà ń mi orí.

Ìdí tí èmi àgbàlagbà fi ń wá báàsì kiri ni pé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo ní mo fẹ́ gba oyè mástà. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń lọ sí yunifásítì, ilé ni mo ti ń ṣe ìyókù. Mo wá ní láti kọ ìwé àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní mémúwà. Mo mú epo pupa, pé bí àwọn obìnrin Ifangni ṣe ń fún un, bí wọ́n ṣe ń tà á. Mo rò pé mo gbọ́n. Ìdí epo ni wọ́n bí mi sí ní Tchaada, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ imú mi kí ti ọmú tó wọ̀ ọ́. Mo jókòó, mo kọ orí kìíní láìmu omi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà kà á. Ó fi ìka kan ti awò ojú rẹ̀ sókè. Ó ní, “Madáàmù, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

Mo ní, “Èmi ni, Porofẹ́sọ̀. Mo mọ̀ ọ́n.”

Ó ní mímọ̀ kọ́ nìyẹn. Ó ní ohun tí kò bá sí nínú báàsì, kò sí. Kí n lọ wá ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kọ nípa epo Ifangni, kí n gbé ìwé tèmi lé e lórí, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun ò ní buwọ́ lù ú kí n lọ gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀. Ọdún yẹn náà sì ni wọ́n fún mi gbẹ̀yìn. Bí n kò bá gbèjà ìwé náà kí ilé ìwé tó pa, wọ́n á yọ orúkọ mi, gbogbo ìyà tí mo ti jẹ á di òfo. Mo ní mo ti gbọ́.

Igolo lẹ́nu bodè ni mo ń gbé. Bí ẹ bá na ọwọ́ lójú fèrèsé mi, díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ kan Idiroko. Fóònù mi kò mọ ìlú tó wà. Láàárọ̀ ó wà ní Benin, bó bá di ọ̀sán ó ti ré bodè lọ sí Nàìjíríà láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wọ́n á sì ti kí i káàbọ̀ pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́. Báàsì ò fẹ́ irú ìwà yẹn. Bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n fún mi, á ní orílẹ̀-èdè tí mo wà kò sí nínú àdéhùn. Èmi! Nínú yàrá mi! Lórí ibùsùn tí mo tọ́ ọmọ lé! Mo gbé kọ̀ǹpútà mi sínú báàgì, mo gun alùpùpù lọ síbi tó jìnnà sí bodè. Ọlọ́kadà náà bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ko-Koumolou lọ́jọ́ tí kì í ṣọjọ́ ọjà. Mo ní mo ń lọ wá Benin. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́ títí a fi dé.

Abẹ́ igi máńgò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ẹ̀gẹ́ ni mo ti rí Benin. Báàsì ṣílẹ̀kùn. Mo tẹ “epo pupa” ní Faransé, mo fi Ifangni tì í. Ó ronú, ó ní kò sí. Ó tún wá bi mí bóyá ìlú mìíràn ni mo ní lọ́kàn, ó dárúkọ ìlú kan ní Íńdíà. Mo ní, “Orí ẹ ò pé.” Obìnrin tó ń hú ẹ̀gẹ́ nítòsí gbójú sókè. Mo ní ẹ má bínú, ìyá, ẹ̀yin kọ́.

Mo yọ Ifangni kúrò, ìwé sì rọ́ jáde bí eéṣú. Epo Malaysia, epo Indonesia, kẹ́míkà inú epo, ẹ̀rọ tó ń fún epo, kòkòrò tó ń jẹ ọ̀pẹ. Kò sí epo tí ò sí ńbẹ̀ àfi èyí tí wọ́n ń fún lẹ́yìnkùlé wa. Mo yí ọ̀rọ̀ náà sókè, mo yí i sílẹ̀. Níkẹyìn mo tẹ “obìnrin”, mo tẹ “bodè”, mo tẹ “ọ̀pẹ”, ẹyọ ìwé kan ṣoṣo bá yọjú. Òyìnbó kan tó ti òkèèrè wá ló kọ ọ́, lórí àwọn abúlé tó yí Ifangni ká. Inú mi dùn débi pé mo dìde jó. Obìnrin oníẹ̀gẹ́ yẹn kúrò nítòsí mi pátápátá.

Ìgbà tí mo kà á ni ayọ̀ náà gbẹ. Òyìnbó náà ní opó kan ní Tchaada ló ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún òun. Kò dárúkọ rẹ̀. Ó ní opó náà máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró kó lè lé òbúkọ kan, òbúkọ náà sì ń jẹ́ Alákọrí. Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, bí ẹni pé wọ́n sọ òbúkọ náà lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ta ló tún ń fi ọjọ́ ayé rẹ̀ bú òbúkọ ní alákọrí ní Tchaada bí kò ṣe ìyá mi? Mo kà á lọ. Òyìnbó ní opó náà fi dá òun lójú pé àwọn obìnrin agbègbè náà kì í ta epo wọn. Jíjẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ nílé. Ó wá kọ ojú ewé rẹpẹtẹ lórí bó ṣe yà á lẹ́nu tó pé ìdílé kékeré ń jẹ epo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo pariwo, “Ìyá mi!” Obìnrin tó jẹ́ pé bídọ̀n tó ń rọ epo sí mọ ọ̀nà Igolo ju àwọn aṣọ́bodè lọ!

Kò sí ọmọ Ifangni tí ò mọ ìdáhùn yẹn. Ní bodè, bí ẹni tó wọ bàtà ńlá, tó mú bírò lọ́wọ́, bá bi ọ́ pé kí lo gbé, níbo ló ń lọ, wàá ní jíjẹ ni. Ìbáà ṣe pé ẹrù náà ga ju orí ilé lọ, jíjẹ ni, àwọn ọmọ pọ̀ nílé. Ẹnikẹ́ni ò jókòó kọ́ wa. A kàn bá a lẹ́nu àwọn ìyá wa ni.

Mo kọrí sí Tchaada. Mo bá ìyá mi níbi tó ti ń yọ ìfófòó orí epo. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní, “Ẹ rántí òyìnbó kan tó wá síbí?”

“Èwo? Èyí tó ń sá fún òbúkọ?”

“Ẹ sọ fún un pé ẹ kì í ta epo.”

“Ó wọ bàtà, ó mú bírò, ó ń bèèrè ibi tí ẹrù ń lọ. Kí ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Igolo?”

“Akẹ́kọ̀ọ́ ni, Ìyá.”

“Ó sọ bẹ́ẹ̀ náà. Mo bá a gbà á.” Ó da ìfófòó inú ìgbákọ nù. “Ó ṣèèyàn o. Ó lè jẹun.”

Mo padà lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n mi, mo sì gbé ìwé òyìnbó náà fún un. Inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ó ní, “Ẹ rí i, madáàmù? Ẹ̀yin kọ ọ́ pé wọ́n ń tà á kọjá bodè. Báàsì ní wọn kì í tà á.”

“Porofẹ́sọ̀, ìyá mi ni opó yẹn. Ó tàn án ni.”

“Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ó tàn án?”

Ẹ̀yin èèyàn, kí lẹ fẹ́ kí n fèsì? Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàánú mi díẹ̀, ó ní ọ̀nà kan ṣì wà: kí n gba ohùn obìnrin náà sílẹ̀, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí epo ń lọ, òun á gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Bí kò bá sọ ọ́, kí n tẹ̀ lé báàsì. Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, mo rò bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí mi kò ní fi mí sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ epo.

Ọjọ́ tí mo lọ gba ohùn rẹ̀, ilé ìwé ni mo ti kọjá lọ, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo gbé fóònù kalẹ̀ sórí àpótí níwájú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ń ta epo yín sí?”

Ó wo fóònù. Ó wo bírò ọwọ́ mi. Ó wá wo bàtà mi, ó pẹ́ lórí bàtà náà.

“Títà kẹ̀? A kì í tà á, madáàmù. Jíjẹ ni.”

Madáàmù! Ìyá mi pè mí ní madáàmù, nínú ilé tí wọ́n ti sin ìwọ́ mi. Ó dùn mí wọra, mi ò lè parọ́. Mo pa fóònù. Kíá, ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbá mi lẹ́yìn, ó ní, “Mo ṣe é dáadáa?” Ó sì ka gbogbo ọjà tí epo rẹ̀ ti dé fún mi, àtẹni tó ń gbé e, àtẹni tó ń gbà á ní òdìkejì bodè. Mo tún tan fóònù. Ó ní, “Jíjẹ ni, madáàmù, àwọn ọmọ pọ̀.”

Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, “Ìyá, wọ́n á lé mi kúrò! Gbogbo iṣẹ́ mi ló fẹ́ dòfo yìí!”

Ó gbé ìgbákọ kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ta ni yóò ka ìwé rẹ?”

“Ẹnikẹ́ni tó bá wọ inú báàsì.”

“Àwọn aṣọ́bodè ńkọ́?”

Mi ò lè sọ pé rárá.

“Ṣé èmi nìkan ló ń fún epo ní Tchaada ni? Wò yíká. Bí wọ́n bá ti ojú ìwé rẹ tọ ipasẹ̀ wa, ta ni màá lọ bá pé kó má bínú? Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.”

Mo fi ìbínú kúrò ńbẹ̀, mi ò jẹ iyán tó gún. Nígbà tí mo délé, mo fa orí kìíní ya. Mo kọ ọ́ pé jíjẹ ni. Mo fi òyìnbó náà ṣe ẹlẹ́rìí, mo fi ohùn ìyá mi tì í lẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀, ó ní ṣé mo wá rí i pé nǹkan ń rọrùn béèyàn bá gbọ́ràn.

Ọjọ́ ìgbèjà, ìyá mi ní dandan, òun á bá mi lọ sí yunifásítì. Ó jókòó síwájú pátápátá. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn kan, wọ́n gbé bírò. Mo rí i tí ìyá mi tún ìjókòó rẹ̀ ṣe. Mo sọ̀rọ̀, Faransé ń dà lẹ́nu mi bí omi, ọ̀jọ̀gbọ́n mi ń mi orí.

Àgbà inú wọn ló bèèrè kẹ́yìn. Ó ń ṣí ìwé mi, ó ń pa á dé, ó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní lédè Faransé, “Madáàmù, ẹ kọ ọ́ pé ìdílé opó yìí kì í ta epo rí. Ẹ sì dúpẹ́ lójú ewé kìíní lọ́wọ́ ìyá yín, opó tó ń fún epo ní Tchaada. Kí ni ìyá yín fi rán yín níléèwé?”

Bí mo bá ní ó tà á, irọ́ ni ìwé mi. Bí mo bá ní kò tà á, irọ́ ni èmi fúnra mi. Mo wo ọ̀jọ̀gbọ́n mi, ó ń wo àjà.

Ìyá mi ò gbọ́ Faransé. Ṣùgbọ́n ó mọ ojú ẹni tí wọ́n dá dúró. Ní bodè, bí wọ́n bá dá obìnrin kan dúró, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Á bá a kúnlẹ̀ ni. Ìyá mi dìde, ó kọjá lára mi, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú tábìlì náà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ọmọ mi ni. Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣàánú mi, ẹ jẹ́ kó kọjá.”

Àgbà náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú, ó bá a sọ̀rọ̀ ní Nàgó tí ò lábùlà, ọ̀rọ̀ àwọn ará wa gan-an. Ó ní, “Ìyá, ẹ dìde. A ti ní kó kọjá.”

Ìyá mi ò dìde. Ó tẹjú mọ́ ìwé mi tó wà lórí tábìlì, nítorí ní Igolo, ẹni tó bá kúnlẹ̀ kì í dìde títí ẹni tí wọ́n dá dúró á fi gbé ẹrù rẹ̀ kọjá. Kí ni kí n ṣe? Mo kó ìwé mi, mo kó kọ̀ǹpútà, mo gbé báàgì kọ́ apá, láìtíì gbọ́ máàkì tí wọ́n fún mi, mo rìn jáde lójú gbogbo wọn. Ẹkún ń dà lójú mi. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo yíjú padà. Ìyá mi ṣì wà lórí eékún, ó ń fi ọwọ́ lé mi lábẹ́ ìbòrùn rẹ̀: máa lọ, má wẹ̀yìn.