Ojú Ìyá Onílàálì

Òórùn làálì tútù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí: ewé tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò, tí gbogbo àgbàlá á máa run bí oko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá níbẹ̀. Ní àdúgbò Shango ní Minna ni àgbàlá ọ̀hún wà, lẹ́yìn ilé tí èmi àti ọkọ mi ń gbé nígbà náà. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin, opó, ló ni ín. Òun ló ń kun làálì fún àwọn ìyàwó tuntun ládùúgbò, ìka rẹ̀ sì ti pọ́n bí osùn títí kan èékánná.

Àkókò tí iṣẹ́ ti sú mi ni. Ìwọ náà tó o ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan á mọ bó ṣe máa ń rí: o na aṣọ mọ́ igi, o po ọ̀dà, o wá dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe nínú yàrá. Mo ti ya òkè Minna títí, mo ti ya màlúù ìrọ̀lẹ́ àti obìnrin tó ru igbá, gbogbo ohun tí àwọn onílé ìtura ń fẹ́ kọ́ sára ògiri. Kò sí èyí tó ń dùn mọ́ mi nínú mọ́. Ọjọ́ tí mo sin àbúrò ọkọ mi lọ kun làálì ni mo rí ọwọ́ ìyá yẹn, bó ṣe ń fa ìlà láìgbé ọwọ́ sókè, tí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ awọ. Mo délé, n kò lè jókòó sójú kan.

Mo padà lọ, mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n yà á.

"Ọwọ́ mi ni kó o yà," ó ní. "Ojú mi, rárá. Látìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti lọ, n kì í gbé ojú mi fún àlejò."

Mo gbà. Gbogbo ìgbà ọyẹ́ yẹn ni mo fi ń jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hausa ló ń bá àwọn ìyàwó sọ, Yorùbá ló ń bá mi sọ, nígbà tí Yorùbá tèmi bá ti fẹ́ dojú rú, á bú sẹ́rìn-ín: "Haba, ọmọ Minna!"

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà, obìnrin bí èmi. A jọ ń lo yàrá kan ní àdúgbò Tunga fún iṣẹ́. Òun ló dúró tì mí nígbà tí mo sin ìyá mi, kò sì sí àwòrán tí mo yà tí kì í kọ́kọ́ rí. Mo fi àwòrán àwọn ọwọ́ náà hàn án. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí dáa o. Ojú ẹ̀ dà?"

Mo ṣàlàyé ohun tí ìyá sọ fún un. Lẹ́yìn náà ó ní ìbátan òun kan fẹ́ ṣègbéyàwó, pé kí n júwe ilé onílàálì fún òun, mo sì júwe rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í sábà rí i ní yàrá wa mọ́. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ fún òun ní apá Gidan Kwano.

Nígbà tó fẹ́ pàtẹ àwòrán rẹ̀ ní ilé ìtura kan ní Tunga, ó pè mí. Mo wọ aṣọ tó dáa, inú mi ń dùn fún un. Bí mo ṣe wọlé, ojú ìyá ni mo kọ́kọ́ kàn nínú àwòrán kan tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Ìyá ti sùn lọ lórí ẹní, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ìborùn ti yọ̀ kúrò lórí rẹ̀, irun funfun tí èmi gan-an kò rí rí wà níta gbangba. Kí n má purọ́, iṣẹ́ náà dára ju ohunkóhun tí mo ti yà lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ mí léegun.

Mo fa ọ̀rẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Báwo lo ṣe rí èyí?"

"Fóònù ni mo fi ya fọ́tò rẹ̀ nígbà tó sùn lọ, òun ni mo wò yà á." Ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń gbọ́. "Má bẹ̀rẹ̀ o. Ṣé ìwọ lo ni ìyá náà ni?"

Mo ní kó jọ̀ọ́ gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri. Ó yíjú padà sí àwọn àlejò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti rí àwòrán náà lórí fóònù, ó sì ti fi hàn án. Ìyá fi ìborùn bo ara dé àgbọ̀n. Kò ní kí n jókòó.

"Ọ̀rẹ́ rẹ ní ìwọ lo rán òun wá," ó ní. "Nítorí orúkọ rẹ ni mo ṣe tẹ́ ẹní fún un."

Mo sunkún, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi dópin.

"Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n irun orí mi ti wà níta. Ta ni á dá a padà?"

Kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Àlejò kan ti ra àwòrán náà, ó ti gbé e lọ sí Àbújá. Mo kó ẹrù mi kúrò ní yàrá Tunga. Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní owú ló ń jẹ mí. Ó ṣeé ṣe kó gba ohun tó sọ gbọ́. Gbogbo ọwọ́ tí mo ti yà pátá ni mo kó lọ fún ìyá. Ó ń gbé wọn wò díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé orí ọ̀kan. "Ṣé àtàǹpàkò mi wọ́ tó báyìí?" Ẹ̀rín díẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó kó wọn sábẹ́ ìrọ̀rí, n kò sì béèrè wọn mọ́. Mo ṣì ń lọ kí i, ṣùgbọ́n n kò mú bírọ́ọ̀ṣì dé ibẹ̀ mọ́.

Mo tún ti ń yàwòrán. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé iṣẹ́ wa ni ká rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ọ̀rẹ́ mi rí i, ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá ni mo ti mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni kéèyàn rí nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fi hàn án. Ní báyìí, ẹni tí mo bá ń yà nìkan ló ń rí iṣẹ́ mi títí á fi parí. Síbẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ kan bá dára, tí mo sún sẹ́yìn tí mo ń wò ó, ọ̀rẹ́ mi yẹn ṣì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọkàn mi máa ń fẹ́ pè wá wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni n kò tíì lè dárí jì í.